Òkúta Tí Apẹja Kan Yọ Lára Ebè Adágún

Ọkùnrin kan wà tó ṣẹ gbogbo ìlú rẹ̀: ó ń yọ òkúta lára ebè tó dá omi adágún wọn dúró.

Ilẹ̀ òtútù ni ìlú náà. Láyé àtijọ́, yìnyín tó nípọn bí òkè wọ́ gba àfonífojì ibẹ̀ kọjá. Ó ha ilẹ̀ jìn bí ẹni ń ha ìdí ìkòkò, ó sì ń ti òkúta àti iyẹ̀pẹ̀ síwájú. Nígbà tó yọ́, ohun tó tì jọ dúró bí ebè ńlá, omi sì kún ẹ̀yìn rẹ̀. Omi náà ni wọ́n ń mu. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń fi ìwọ̀ dẹ ẹja fún ìgbádùn lọ́jọ́ ìsinmi. Òkúta tí wọ́n so mọ́ okùn ni wọ́n fi ń dá ọkọ̀ dúró lójú omi, òfin wọn sì ni pé inú oko ni kí olúkúlùkù ti ru tirẹ̀ wá.

Oko jìnnà lójú ọkùnrin yìí. Ara ebè ló ti ń yọ tirẹ̀. Bí ẹja bá ti gbé ìwọ̀ rẹ̀ mì, yóò gé okùn òkúta, yóò fi òkúta sílẹ̀ nínú ibú, yóò sì máa lé ẹja lọ.

Ìyá arúgbó kan rí i. Ó ní, "Ọmọ mi, dá a padà."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Màmá, òkúta kan ṣoṣo? Ẹ jẹ́ n pẹja, n ó fún yín ní ìrù."

"Ta ló bèèrè ìrù lọ́wọ́ rẹ? Omi tí à ń mu ni mò ń sọ!"

Kò gbọ́.

Lọ́jọ́ ìdíje ẹja pípa, gbogbo ìlú wà létí omi. Ẹja ńlá kan gbé ìwọ̀ rẹ̀! Ọ̀pá ìwọ̀ rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun, ọkọ̀ ń fì, àwọn èèyàn ń hó: "Fà á! Má tú u o!" Ó fà á títí ó fi rí ikùn rẹ̀ tó ń dán. Àfi bí ariwo ṣe yí padà: "Ebè ti là! Omi ń lọ!" Wọ́n sáré. Wọ́n ju òkúta, wọ́n ju iyẹ̀pẹ̀, àwọn kan bọ́ ẹ̀wù òtútù wọn láti fi dí i. Òun pàápàá ju ọ̀pá nù, ó tukọ̀ dé ìdí ebè, ó fi àyà ti òkúta. Nígbà tí omi yóò fi dúró, ẹja ti ń jà pìtìpìtì lórí ẹrẹ̀.

Ìwọ tí ò ń gbọ́ mi, o kì í ṣe ọmọdé. Ìlérí tí ò ń yẹ̀ nínú ilé rẹ, tí o ní kékeré ni, òkúta ebè ni. Dá a padà lónìí, kí o má bàa dàbí ọkùnrin náà, tó dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀ lójú gbogbo ìlú, tó ń ké pé, "Èmi ni mo yọ òkúta ebè. Màmá kìlọ̀ fún mi, mo fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí. Ẹ jẹ́ n lọ sí oko, kí n lọ ru òkúta wá."