Ìka Mẹ́ta Ṣóyẹmí

Àgbẹ̀ ni Ṣóyẹmí ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ṣùgbọ́n bó bá gbé jìtá, ẹ ó rò pé kò mú ọkọ́ rí. Àbẹ́ní ìyàwó rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, síbẹ̀ kò yéé pe jìtá oníná náà ní orogún òun. Ó ní òun kò rí ìyàwó tí wọ́n ń fi òwú nu ara fún láàárọ̀ àti lálẹ́ rí, tí kì í sì í fọ abọ́. Bí Ṣóyẹmí bá ti gbọ́ bẹ́ẹ̀, á rẹ́rìn-ín, á ní kí ìyáálé má bínú.

Lọ́dún kan, òógùn ọwọ́ Ṣóyẹmí jẹ afárá jìtá náà, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tí okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń gbà kọjá kí wọ́n tó na ara lọ sí ọrùn. Ó dípẹtà, okùn kò rí ibi jókòó sí mọ́, ohùn jìtá wá dà bíi ti ewúrẹ́ tó ń bẹ̀bẹ̀. Ìgbà tí èyí ṣẹlẹ̀ ni kò dára. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Àbẹ́ní, ń lọ bá ọmọ rẹ̀ ọkùnrin gbé ní Kàdúná lọ́jọ́ Ajé, kò sì sí ẹni tó mọ̀ bóyá yóò tún padà. Ohun kan ṣoṣo ló béèrè: kí ọkọ ọmọ òun ta orin tó ta lọ́jọ́ tó wá tọrọ Àbẹ́ní, kí òun gbọ́ ọ lọ́jọ́ Àìkú kí òun tó lọ.

Orúnkún ń dun Ṣóyẹmí, nítorí náà Àbẹ́ní ni yóò lọ ra afárá tuntun n'Íbàdàn lọ́jọ́ Ẹtì. Ó ní kí ọkọ òun tú ti àtijọ́ kí òun mú un dání. Ọkọ kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ta ló ń yọ eyín ẹni nígbà tí kò tíì rí òmíràn fi sí i? Ó gbé ọwọ́ lé irin náà, láti ihò ìṣó àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn.

"Ìka mẹ́ta géérégé," ló wí. "Má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n tan ọ́."

Àbẹ́ní fi í kọrin nínú ọkọ̀ títí dé Ìbàdàn: ìka mẹ́ta, ìka mẹ́ta.

Ọkùnrin tó ń ta ohun èlò orin, Rájí ni orúkọ rẹ̀, kó afárá kalẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ ń dán bíi wúrà. Àbẹ́ní ní orogún òun kò ní í wọ wúrà kí òun máa wọ bàbà. Èkejì ní apá irin gígùn kan. Rájí ní bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́, ohùn á máa gbọ̀n. Àbẹ́ní ní orúnkún ọkọ òun tó ń gbọ̀n nílé ti tó. Ẹ̀kẹta kò ní ọ̀ṣọ́ kankan, ṣùgbọ́n ó wúwo lọ́wọ́, Rájí sì ní irú rẹ̀ ló ń di ohùn mú. Èyí wù ú. Àmọ́ oríṣi méjì ló wà, ọ̀kan fẹ̀ ju èkejì lọ díẹ̀. Àbẹ́ní gbé ìka mẹ́ta lé èyí tó fẹ̀, àyè ṣẹ́ kù. Ó gbé e lé èkejì, ó bá a mu rẹ́gí. Rájí fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ kan, Àbẹ́ní ti ní kó dì í.

Nírọ̀lẹ́, Ṣóyẹmí tú ti àtijọ́ tayọ̀tayọ̀. Ó gbé tuntun lé e, ihò kan bá ara mu, àwọn yòókù kò bá ara mu.

"Àbẹ́ní, ìka mẹ́ta ni mo wí."

"Ìka mẹ́ta ni mo wọ̀n."

"Níbo lo ti rí ìka mẹ́ta tó rí báyìí?"

"Lára ọwọ́ tó ń se oúnjẹ fún yín."

Bẹ́ẹ̀ ni kálukú na ìka mẹ́ta sí èkejì lójú. Etí Ìyá Àgbà ti di díẹ̀. Ó wò wọ́n láti orí àga, ó rò pé ọmọ mẹ́ta ni wọ́n tún fẹ́ bí. Ìgbà tí Àbẹ́ní pariwo àlàyé sí i létí, tí omi sì ti ń lé rorooro lójú rẹ̀, ìyá fa ọwọ́ àwọn méjèèjì, ó gbé ìka ọmọ rẹ̀ lé ti ọkọ. Ìka Ṣóyẹmí yọ lọ́tùn-ún, ó yọ lósì, bí àgbàlagbà tó sùn sórí ẹní ọmọdé. Ìyá rẹ́rìn-ín títí gèlè fi bọ́.

"Ẹ̀yin méjèèjì lẹ wọ̀n ọ́n dáadáa," ló wí. "Ẹ ti jọ ń jẹun pẹ́ débi pé ẹ rò pé ọwọ́ kan náà lẹ ní. Lọ́la, Àbẹ́ní, mú ìka náà dání lọ."

Báyìí ni Ṣóyẹmí ṣe tiro tẹ̀lé ìyàwó rẹ̀ dé Ìbàdàn lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Rájí wo ọwọ́ Ṣóyẹmí. Ó na èyí tó fẹ̀ sí i, ìka mẹ́ta ọkùnrin náà sì jókòó lé e pẹ́kípẹ́kí.

Wọ́n délé, wọ́n ń dè é, ni ìṣó tín-ín-rín kan bá jábọ́ sínú ihò ikùn jìtá. Ṣóyẹmí ti ìka bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹnu ọ̀nà ló ń há sí. Àbẹ́ní sún un sẹ́yìn, ó ki ìka méjì bọ̀ ọ́, ó yọ ìṣó náà bí ẹni yọ egungun ẹja.

"Ìyáálé, o ṣé," ni Ṣóyẹmí rọra wí.

Lọ́jọ́ Àìkú, Ìyá Àgbà gbé etí lé ara jìtá gan-an kí ó lè gbọ́, Ṣóyẹmí sì ta orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹsẹ̀ ìyá ń jó nílẹ̀. Nígbà tó parí, ó di ọwọ́ ńlá mú, ó di ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ mú, kò sì tètè fi wọ́n sílẹ̀.

"Ká ní bákan náà ni wọ́n rí," ló wí, "ta ni ì bá yọ ìṣó yẹn?"

Ibẹ̀ ni àwọn àgbà àdúgbò náà ti mú un tí wọ́n fi ń pa á lówe fún tọkọtaya títí dòní pé: ìka ò dọ́gba.