Bí Òkété Ṣe Wọ́ Ọkọ̀ Páànù Dé Odò

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ẹ̀yin ará ẹ̀yìn, ẹ dáhùn kó dún. Mi ò pa àlọ́ fún ògiri. Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi ṣí kúrò lórí òrùlé, ó wọ́ gba orí òkúta, ó já sódò jàbú, kò já lé ẹlòmíì bí kò ṣe Òkété àti Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀. Ọmọ́tẹ̀jì, gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹní mi. Àlọ́ yìí korò. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó tètè rín in níbẹ̀rẹ̀.

Ní ìgbà kan rí, òjò rọ̀ ní ìlú àwọn ẹranko, odò kún àkúnya, ó sì gbé afárá igi lọ. Ìyá Àwẹ̀ró wà ní òdìkejì odò, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti gbé Àwẹ̀ró wá fún Òkété. Kò pẹ́ tí ẹyẹ mú ìròyìn wá: ara ìyá kò yá, kò jẹ, kò mu, orúkọ ọmọ rẹ̀ ló ń pè ṣáá. Láti ìgbà náà, oorun dá lójú Àwẹ̀ró. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, etí odò ló ń lọ. Yóò dúró síbẹ̀, yóò máa wo òdìkejì.

Baálẹ̀ Àgbọ̀nrín pe ìlú jọ. Ó ní, "Ọkọ̀ la nílò. Ṣùgbọ́n igi ńlá dà? Àwọn agégẹdú ti gé gbogbo rẹ̀ lọ."

Àkókó alágbẹ̀dẹ dìde. Ó ní, "Kí olúkúlùkù ṣí páànù kan wá láti orí ilé rẹ̀, páànù funfun tí kì í dípẹtà yẹn. Màá lù ú pọ̀ di ọkọ̀ kékeré."

Àárín òjò ni wọ́n wà o! Síbẹ̀ wọ́n ṣí i. Ilé gbogbo ń jò. Èyí tó wà lókè ibùsùn Àwẹ̀ró gan-an ló ní kí wọ́n ṣí. Ó ní, "Kí òjò pa mí. Kí n ṣáà ti rí ìyá mi."

Àkókó lù ú, kó-kó-kó, títí ọkọ̀ fi jáde, tó ń dán gbinrin. Ó wá kìlọ̀ fún wọn.

"Páànù ni o, fẹ́lẹ́ ló wà. Ẹ má wọ́ ọ nílẹ̀. Ẹ gbé e. Níbi tí gbígbé bá ti ṣòro, ẹ gé ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, kẹ́ ẹ rọra tì í gba orí rẹ̀. Òkúta ọ̀nà odò yẹn, ọ̀bẹ ni."

Ẹ sì mọ̀ pé ẹni tó bá bẹ ọ̀wẹ̀ ló ń bọ́ ọlọ́wẹ̀. Ìlú kó isu jọ, wọ́n kó epo, wọ́n kó ẹja gbígbẹ, kí àwọn tí yóò gbé ọkọ̀ lè yó. Ìgbà náà ni Òkété bọ́ síwájú, ó dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ̀yin àgbà, ẹ fi iṣẹ́ yìí lé mi lọ́wọ́. Ìyá ìyàwó mi ló wà lọ́hùn-ún. Ta ni ọ̀rọ̀ yìí dùn tó mi?"

Ta ló máa kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Wọ́n kó gbogbo oúnjẹ náà fún un. Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ lójú gbogbo ayé, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. Inú máa ń bí mi bí mo bá dé ibi ìkúnlẹ̀ yẹn.

Nígbà tí Òkété délé, ó wo isu, ó wo epo, ó wo ẹja. Ó ní, "Kí àwọn ọ̀jẹun wọ̀nyẹn wá jẹ isu mi tán?" Isu rẹ̀! Ẹ ò rí i bí isu ìlú ṣe di tirẹ̀ kó tó dá itọ́ mì? Ó kó o sínú àká, ó ti ilẹ̀kùn. Díẹ̀ ló kó síta fún ìyàwó rẹ̀.

"Gún iyán fún àwọn ọlọ́wẹ̀."

"Baálé mi, ṣé èyí á kárí wọn?"

"Ìwọ ṣáà gún un."

Àwẹ̀ró gún un. Ó gún un títí kò fi ní kókó kankan, nítorí lọ́kàn rẹ̀, ìyá rẹ̀ ló ń gún un fún.

Òkété kò pe ọlọ́wẹ̀ kankan. Ilé Ìmàdò ló gbà lọ.

"Ìmàdò alágbára! Wọ́ ọkọ̀ yìí dé odò fún mi, iyán odó kan di tìẹ."

"Èmi nìkan?"

"Ìwọ nìkan."

"Ṣùgbọ́n Àkókó ní ká má wọ́ ọ."

"Ṣé Àkókó ló máa bọ́ ẹ ni?"

Ìmàdò so okùn mọ́rùn, ó fà. Kò sí ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ nílẹ̀, nítorí ẹni tó bá gé e, yóò jẹun. Ọkọ̀ ń ha òkúta gooro, gooro, gooro, títí wọ́n fi dé etí odò. Òkété ní kí Ìmàdò lọ wẹ̀ ná, pé iyán ń bọ̀. Òun náà yí ọkọ̀ dojú dé. Ìdí ọkọ̀ ti lu káàkiri, ilẹ̀ ń hàn láti inú ihò.

Bó bá pe Àkókó, Àkókó á bi í pé àwọn ọlọ́wẹ̀ dà, isu dà? Òkété wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó sáré gbé iyán Ìmàdò wá, ó bù ú, ó ń kì í bọ ihò kọ̀ọ̀kan, ó fi ẹrẹ̀ rẹ́ ẹ lójú. Ìmàdò wẹ̀ tán, kò bá iyán, kò bá Òkété. Ebi ló sùn.

Lọ́jọ́ kejì, gbogbo ìlú péjọ sí etí odò. Lọ́kàn Òkété, Baálẹ̀ ló máa kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, bó bá sì rì, ẹ̀bi Àkókó ni. Ṣùgbọ́n Baálẹ̀ ní, "Nílùú wa, ẹni tí ọ̀ràn rẹ̀ le jù ló ń kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ tuntun. Àwẹ̀ró, bọ́ sí i."

Òkété la ẹnu. Àwẹ̀ró rí i.

"Baálé mi, ṣé ẹ fẹ́ sọ nǹkan ni?"

Òkété pa ẹnu dé. Omi lé rónrón sí i lójú. Ó ní, "Rárá. Bá mi kí ìyá."

Àwẹ̀ró rò pé ìfẹ́ ló ń pa á lẹ́kún. Ẹ̀yin ọmọ, ọ̀rọ̀ kan péré ni. Bó bá sọ ọ́, wọ́n á bú u, wọ́n á gba isu wọn, ó parí. Kò sọ ọ́.

Pẹ́pẹ́yẹ mú àjẹ̀, ó ń tu ọkọ̀ lọ. Ní òdìkejì, wọ́n ti fi ẹní gbé ìyá wá sí èbúté. Àwẹ̀ró rí i tó gbé ọwọ́ sókè. Ni orin bá bọ́ sí i lẹ́nu. Ẹ bá mi gbè é:

Ọkọ̀ páànù, gbé mi dé òdìkejì,
*Rọra o, omi, rọra.*
Ìyá mi ń wò mí ní èbúté,
*Rọra o, omi, rọra.*
Mo ṣí orí ilé mi kí n lè rí i,
*Rọra o, omi, rọra.*

Omi ò rọra. Ní àárín odò, ẹrẹ̀ ṣí, àwọn ẹja gbóòórùn iyán, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í já a jẹ lábẹ́ ọkọ̀. Omi kan Àwẹ̀ró lẹ́sẹ̀. Nǹkan funfun kan léfòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó mú un, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ó dán, kò ní kókó. Kò sí obìnrin tí kì í dá iyán ọwọ́ ara rẹ̀ mọ̀. Ó bojú wẹ̀yìn. Òkété ti fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú.

Ọkọ̀ rì. Pẹ́pẹ́yẹ fi ẹnu gbá a létí mú, omi gbé wọn lọ jìnnà, inú igbó etí odò níhìn-ín ni wọ́n ti gòkè. Ìyá kò rí ìyẹn. Rírì ọkọ̀ ló rí. Igbe sọ ní òdìkejì. Àwẹ̀ró ń pariwo pé, "Mo yè o! Ìyá mi, mo yè o!" Ohùn rẹ̀ kò dé ibẹ̀. Kí ẹyẹ tó lè fò lọ sọ, ìyá rẹ̀ ti kú pẹ̀lú èrò pé ọmọ òun ti ṣáájú òun lọ.

Wọ́n sin ín lọ́hùn-ún. Àwẹ̀ró ń wò wọ́n láti ìhín. Ó bu erùpẹ̀, kò rí ojú oórì dà á sí, ó dà á sódò.

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni Ìmàdò dé, tó ń kùn. "Èmi nìkan ni mo wọ́ ọkọ̀ yẹn, iyán tí Òkété sì ṣèlérí, n ò rí i."

Àwẹ̀ró la ọwọ́ rẹ̀. Ó ṣì wà níbẹ̀. Ó ní, "Iyán rẹ rèé."

Wọ́n já ilẹ̀kùn àká. Isu kan péré ni Òkété tíì jẹ nínú gbogbo rẹ̀. Wọ́n ṣí òrùlé rẹ̀ tán, wọ́n fi dí jíjò ilé wọn. Ó sá, ó gbẹ́ ihò, ó ké láti inú rẹ̀ pé, "Àwẹ̀ró, máa bọ̀, òjò kì í jò síbí." Àwẹ̀ró dúró lẹ́nu ihò. Ó ní, "Òkété, báyìí nìwà ẹ." Ó yí padà, ó gba ọ̀nà etí odò lọ. Láti ọjọ́ náà ni Òkété kì í ti í jáde lọ́sàn-án, kí ojú rẹ̀ má baà ṣe mẹ́rin pẹ̀lú tìyàwó rẹ̀.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹni tó bá jẹ oúnjẹ àwọn tó yẹ kó bá a gbẹ́rù, orí ará ilé rẹ̀ ni ẹrù náà ń wó lé. Bó o bá sì ti ṣe aburú, sọ ọ́ kí ọkọ̀ tó kúrò létí odò.

Bí mo bá parọ́, kí òjò gba orí ilé mi wọlé. Bí n kò bá parọ́, kí páànù orí wa yìí dún lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ tẹ́tí.

Kó. Kó. Kó.