Bí Ajá Ṣe Bá Àwọn Arìnjẹ́jẹ́ Lórí Ìdúró

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!
Ṣé ẹ̀yin tí ẹ jẹyán yó náà lẹ dáhùn báyìí? Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Ní ayé àtijọ́, erékùṣù kan wà láàárín òkun. Àwọn ẹranko kan ń gbé ibẹ̀, Arìnjẹ́jẹ́ ni orúkọ wọn. Wọn kò tóbi ju ajá lọ. Èékánná wọn gùn, ewé ni wọ́n ń jẹ. Bí wọ́n bá gbé ẹsẹ̀ kan láàárọ̀, ó di ọ̀sán kí wọ́n tó gbé ìkejì. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin tí a ń rán níṣẹ́ tí ẹ kì í tètè dé.

Àwòdì nìkan ni ọ̀tá wọn, ohun tó bá sì mira ni àwòdì ń rí. Bí ó bá ti yọ, Bàbá Èékánná, olórí wọn, á lé orin:

Àwòdì ń bọ̀ o,
— Dúró jẹ́jẹ́!
Má mi orí, má mi ẹsẹ̀,
— Dúró jẹ́jẹ́!
Yóò kọjá lọ o,
— Dúró jẹ́jẹ́!

Àwòdì á rà bàbà títí, á lọ.

Ní ọjọ́ kan, àwọn èèyàn wa ọkọ̀ dé, wọ́n kó ajá dání. Ajá gbóòórùn Arìnjẹ́jẹ́ kan. Ìyẹn dúró jẹ́jẹ́. Ajá gbé e. Ó gbé ìkejì. Ó gbé ìkẹta, ọkọ Arìnjẹ́jẹ́ kan tó ń jẹ́ Àbẹ̀jẹ́.

Àbẹ̀jẹ́ pọn ọmọ rẹ̀, ó tọ Bàbá Èékánná lọ.

"Bàbá, ajá kì í fi ojú wá wa, imú ló ń lò. Ẹ jẹ́ ká máa gun igi."

"Àbẹ̀jẹ́, ọjọ́ wo ni wọ́n bí ọ? Ìdúró ló gba baba mi là."

"Bàbá, ọkọ mi dúró."

"Bóyá ó mira."

Ọ̀rọ̀ yìí dun Àbẹ̀jẹ́ dé egungun. Ó fi gbogbo òru gun igi lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ajá dé. Gbogbo Arìnjẹ́jẹ́ tó wà nílẹ̀ dúró. Àbẹ̀jẹ́ lé orin tirẹ̀ láti òkè:

Ajá ń bọ̀ o,
— Gòkè kíá!
Imú ló fi ń wá wa,
— Gòkè kíá!
Ẹ má dúró mọ́ o,
— Gòkè kíá!

Ẹ̀yin lẹ gbè é dáadáa o. Níbẹ̀, ọmọ tó pọ̀n sẹ́yìn nìkan ló gbè é. Ajá kó àwọn yòókù tán. Bàbá Èékánná kò mira títí ajá fi gbé e lọ.

Ọmọ Àbẹ̀jẹ́ dàgbà lórí igi. Ó tó láya. Ó wá aya láti orí igi dé orí igi yí erékùṣù ká, kò rí ẹyọ kan.

"Ìyá mi, àwọn ẹbí wa dà?"

"Wọ́n dúró, ọmọ mi."

Bí ìran Arìnjẹ́jẹ́ ṣe tán láyé nìyẹn. Ẹ̀yin ọmọ mi, ọgbọ́n ọdúnnìí, wèrè ẹ̀míì. Ọgbọ́n tó yọ baba wa lọ́wọ́ àwòdì kọ́ ni yóò yọ wá lọ́wọ́ ajá. Ẹ kọ́kọ́ wo irú ọ̀tá tó ń bọ̀.

Ibí ni mo sọ ààlọ́ tèmi kalẹ̀ sí. Ẹni tó bá kàn, kó gbé tirẹ̀.