Ẹ̀yìn Ọmọ Ṣijúadé

Bí àwọn ará Ìlálẹ̀ bá ní, "Ihò tí inú kò bá dí, ọwọ́ kì í dí i," àwọn àlejò a máa wo ojú ara wọn. Inú wo? Ihò kí ni? Àwọn kan rò pé inú burúkú ni òwe náà ń bá wí. Rárá o. Inú tó ń gbé oyún ni, ọ̀rọ̀ ọmọ tuntun kan ló sì bí òwe náà.

Ìyá àgbà kan wà tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró, amọ̀kòkò ni. Ìkòkò rẹ̀ kì í jò, òun náà sì mọ̀ ọ́n. A máa ní, "Kò sí ibi tó là lára amọ̀ tí ọwọ́ mi kò lè pa pọ̀."

Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Ṣijúadé, bí ọmọkùnrin. Irun orí ọmọ náà kún, ojú rẹ̀ tutù, ṣùgbọ́n nígbà tí agbẹ̀bí dà á dojú bolẹ̀, ó pe Àwẹ̀ró kó wá wò ó. Lẹ́yìn ọmọ, lókè ìdí, ihò kan wà tó fẹ̀ tó àtàǹpàkò. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló bò ó.

"Àwọn ìyá wa ní pẹlẹbẹ ni ẹ̀yìn ọmọ máa ń wà nínú oyún kó tó ká," ni agbẹ̀bí wí. "Etí ẹ̀yìn náà méjèèjì á máa fa ara wọn títí wọn á fi pàdé. Ti èyí kò pàdé. Ẹ má fọwọ́ kàn án o."

"Ṣebí kí etí méjì pàdé ni iṣẹ́ mi," ni Àwẹ̀ró dáhùn.

Nígbà tí agbẹ̀bí lọ tán, Àwẹ̀ró fún awọ ẹ̀yìn ọmọ pọ̀ lọ́tùn-ún lósì, ó fi ọ̀já dì í pinpin. Ọmọ ké títí ohùn rẹ̀ fi há.

"Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú u," ni Ṣijúadé ń bẹ̀.

"Fara dà á. Awọ náà ti ń lẹ̀ mọ́ra."

Ní ọjọ́ kẹta, ara ọmọ gbóná bí ẹyin iná. Àwẹ̀ró tú ọ̀já pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Awọ náà ti bẹ́, ẹran ibẹ̀ sì ti dúdú. Oòrùn kò tíì wọ̀ tí ọmọ fi kú, láìgba orúkọ.

Àwọn ẹbí ọkọ dé. "Àbí o kì í rìn lọ́sàn-án gangan nígbà tí o lóyún?" ni wọ́n bi Ṣijúadé. "Ìwọ lo fọwọ́ ara rẹ fà á."

 Omi ọyàn Ṣijúadé ń kán sára aṣọ.

Àwẹ̀ró dìde, ó na ọwọ́ méjèèjì sí wọn. "Ẹ fi ọmọ mi sílẹ̀. Kò ṣe nǹkan kan. Èmi ni mo rò pé amọ̀ ni ènìyàn. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni ọmọ náà ní láyé, ọwọ́ yìí ló fi ìrora kún un. Ihò tí inú kò bá dí, ọwọ́ kì í dí i."

Àwọn ẹbí ọkọ yí padà, wọ́n lọ. Ṣijúadé gbọ́ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbójú sókè wo ìyá rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, bí ẹnìkan bá fẹ́ dá ìyá lẹ́bi nítorí bí ọmọ rẹ̀ ṣe wá sáyé, ohun tí wọ́n fi ń pa á lẹ́nu mọ́ ní Ìlálẹ̀ nìyẹn: ihò tí inú kò bá dí, ọwọ́ kì í dí i.