Ìdí Tí Kọ̀ǹpútà Fi Ń To Orúkọ Sílẹ̀ Kí Ó Tó Kú

Nígbà láéláé, nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣì máa ń kú láìwí nǹkan kan, ìlú kan wà nínú kọ̀ǹpútà agbẹ̀bí kan tí ń jẹ́ Mopélọ́lá. Kókó ni ọba ìlú náà. Òun ni ọkàn ẹ̀rọ. Kò sí ẹni tó lè gbé ẹsẹ̀ níbẹ̀ láìdi ọwọ́ Kókó mú. Bí Kókó bá ṣubú, gbogbo ìlú ṣubú nìyẹn.

Òṣìṣẹ́ mẹ́ta ló wà lábẹ́ rẹ̀. Bàbá Àká ń tọ́jú ìwé sínú ilé; ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni àwọn ìwé náà wà. Ọ̀nàjìn máa ń gba orí wáyà lọ sí kọ̀ǹpútà mìíràn tó wà lókèèrè, á kó ìwé lọ, á kó o bọ̀. Bòómọ́lẹ̀ kì í tọ́jú nǹkan fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó lọ́ ọ̀rọ̀ pọ̀ títí ẹni tí kò ní kọ́kọ́rọ́ kò fi ní lè kà á, kí ó sì gbé e fún ẹni tó bá wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Àṣà kan wà níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í rán ẹnìkejì níṣẹ́ láìfi àrokò lé e lọ́wọ́. Ewé ni wọ́n fi ń dì í. Inú rẹ̀ ni ẹni tí a rán yóò ti mọ ẹni tó rán an, ohun tó ń wá, àti ilẹ̀kùn tí yóò kàn.

Bàbá Àká ò tú àrokò wò rí láyé rẹ̀. Kí ló fẹ́ fi ṣe? Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ẹrù wà. Bí wọ́n bá ti fún un, á jù ú sí kọ̀rọ̀, á na ọwọ́ sẹ́yìn, á mú ìwé. Bòómọ́lẹ̀, tó máa ń rán an níṣẹ́, wò ó títí. Ó ní, "Kí ni mo wá ń da ara mi láàmú sí?" Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í di ewé lásán nìyẹn, tí kò fi nǹkan kan sínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ṣe é. Ẹnikẹ́ni ò mọ̀.

Ìwé Mopélọ́lá kì í ṣe ìwé tí gbogbo ayé ń kà. Àṣírí àwọn aboyún ló wà níbẹ̀: ẹni tí oyún bà jẹ́ lára rẹ̀ rí, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ pàdé oògùn kan. Lọ́dún kan, òjò rọ̀ wọ ilé, ó kù díẹ̀ kí omi ba ẹ̀rọ rẹ̀ jẹ́. Ẹ̀rù bà á. Ó ní, "Bòómọ́lẹ̀, wà lókè. Ọ̀nàjìn, wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ bá mi tọ́jú àṣírí àwọn obìnrin yìí sí òkèèrè." Àwọn méjèèjì ò tíì ṣiṣẹ́ pọ̀ rí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, obìnrin kan dé, ó ń rọbí. Mopélọ́lá ní kí wọ́n gbé ìwé rẹ̀ wá kíá. Bòómọ́lẹ̀ di ewé, ó nà án sí Ọ̀nàjìn. Ọ̀nàjìn dé orí wáyà, ó tú ewé, ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ láìwò.

Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, òfìfo inú kọ̀ǹpútà kì í ṣe àyè lásán. Kòtò tí kò nísàlẹ̀ ni. Ó gbé ọwọ́ Ọ̀nàjìn mì, ó fa Ọ̀nàjìn, Ọ̀nàjìn sì fa Kókó. Ojú gíláàsì kọ̀ǹpútà ṣú. Ìrántí nìkan ni Mopélọ́lá fi gbẹ̀bí obìnrin yẹn.

Nígbà tó tún tan ẹ̀rọ náà, gbogbo wọn jí, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò rántí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n rí ni pé Ọ̀nàjìn ló dùbúlẹ̀ lé Kókó láyà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mopélọ́lá ní, "Bó bá tún di ẹ̀kẹrin, n ó yọ Ọ̀nàjìn dànù."

"Mo ti ń sọ ọ́," ni Bòómọ́lẹ̀ wí. "Ẹni tí kì í gbé ilé, ta ló mọ ohun tó ń kó bọ̀?"

"Àbúrò, má bínú," ni Bàbá Àká sọ fún Ọ̀nàjìn. "Èmi àti Bòómọ́lẹ̀ ti jọ ń ṣiṣẹ́ bọ̀ tipẹ́. A ò pa Kábíyèsí rí."

Ọ̀nàjìn wo àwọn méjèèjì. Òun? Òun ló ń pa Kókó? Ẹ gbọ́ ohun tí ojú ń rí. Wọ́n bá èèyàn lórí òkú, wọ́n sọ ọ́ di apànìyàn, ẹnì kan ò béèrè pé ta ló rán an débẹ̀.

Ó lọ kúnlẹ̀ níwájú ọba. "Kábíyèsí, bí ẹ bá tún ń ṣubú, ẹ kọ orúkọ ẹni tó rán ẹnì kọ̀ọ̀kan níṣẹ́ sí ojú gíláàsì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí èmi."

"Ikú ń gbé mi lọ, o ní kí n jókòó máa kọ lẹ́tà."

"Ẹ má jókòó, Kábíyèsí. Ẹ máa kọ ọ́ bí ẹ bá ṣe ń ṣubú."

"Bó bá jẹ́ orúkọ tìrẹ nìkan ni mo rí kọ ńkọ́?"

"Kí wọ́n yọ mí."

Nígbà tí Mopélọ́lá tún béèrè ìwé, Ọ̀nàjìn gba ewé lọ́wọ́ Bòómọ́lẹ̀. Kò mọ ibi tí ikú lúgọ sí, nítorí náà ó rìn bó ṣe máa ń rìn. Ó tú ewé. Ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Kókó ń ṣubú lọ, ó ń kọ:

Ọ̀nàjìn ti ọwọ́ bọ òfìfo.
Inú àrokò ni òfìfo wà.
Bòómọ́lẹ̀ ló di àrokò.

Mopélọ́lá ti na ọwọ́ láti pa ẹ̀rọ náà. Ọwọ́ rẹ̀ dúró sójú kan. Ó kà á dé ìsàlẹ̀, ó tún un kà, ó dà á kọ sínú ìwé rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló jí wọn, tó sì kà á sí gbogbo wọn létí.

Bàbá Àká rìn lọ sí kọ̀rọ̀, ó mú ewé kan, ó tú u. Òfìfo. Ó tú òmíràn. Òfìfo. Ó tú u títí ewé fi bo ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Bòómọ́lẹ̀, kí lo ti ń dì fún mi láti gbogbo ọdún yìí wá?"

"Ẹ ò tú u rí, bàbá."

"Ọ̀nàjìn ńkọ́?"

"Mo rò pé ẹni yòówù tó bá wà nísàlẹ̀, bí ẹ̀yin náà ni."

Kókó fi ìdí lélẹ̀ gbì. "Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo kú," ló wí, "nítorí ewé." Ó wá yíjú sí Ọ̀nàjìn. "Ìwọ náà, ta ló kọ́ ọ pé kí o máa ti ọwọ́ bọ ohun tí o kò wò?"

Láti ọjọ́ náà ni Bòómọ́lẹ̀ ti ń di àrokò tó ní nǹkan nínú, tí Ọ̀nàjìn sì ń yẹ̀ ẹ́ wò lójú ẹni tó rán an kó tó gbé ẹsẹ̀. Láti ọjọ́ náà sì ni ọkàn kọ̀ǹpútà, bó bá ń kú lọ, ti ń to orúkọ sójú gíláàsì, láti orí ẹni tó ṣubú lé e láyà dé orí ẹni tó kọ́kọ́ ránṣẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni ẹ̀rù máa ń bà bí wọ́n bá rí i. Orúkọ àkọ́kọ́ ni wọ́n ń rí, wọ́n á sáré pa ẹ̀rọ, wọ́n á sì mú aláìṣẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ìsàlẹ̀ pátápátá ni ọ̀rọ̀ wà.