Epìyà Tí Kò La Ẹnu fún Àlejò

Obìnrin kan wà ní ìlú kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títọ́jú ẹja tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jẹ. Àwọn ẹja náà wà nínú àpótí dígí ńlá kan ní gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú, níbi tí àwọn tó wá rí alága ti ń jókòó títí yóò fi sú wọn. Ìyá Ẹlẹ́ja ni gbogbo ìlú ń pè é, bẹ́ẹ̀ kò ta ẹja rí láyé rẹ̀.

Iṣẹ́ náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Kì í da omi ẹ̀rọ sínú àpótí lójú ẹsẹ̀. Ó ń fi í sílẹ̀ nínú korobá di ọjọ́ kejì, kí òórùn oògùn inú rẹ̀ lè lọ. Kì í sì í pààrọ̀ gbogbo omi lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí ẹja tó bá jí sínú omi tí kò mọ̀ kì í pẹ́ kú.

Ní ọjọ́ kan, alága mú ẹja tuntun méjì wá, akọ kan, abo kan. Ó ní láti òkè òkun ni wọ́n ti wá. Obìnrin náà wo imú wọn: ihò kan péré ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, níbi tí àwọn ẹja yòókù ti ní méjì-méjì. Ó wo ẹ̀yìn wọn: ẹ̀gún tò lọ síhà ìrù.

“Alága, epìyà ni wọ́n.”

“Epìyà tí à ń dín?”

“Mọ̀lẹ́bí kan náà ni. Aṣọ ló yàtọ̀.”

Alága kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà. Obìnrin náà to òkúta àti àpáàdì sí igun kan fún wọn, nítorí epìyà tí kò bá ní igun tirẹ̀ yóò sọ gbogbo àpótí di ojú ìjà.

Kò ju oṣù méjì lọ, abo dẹ́kun jíjẹun. Ó dá dúró sí igun rẹ̀, ó pa ẹnu dé, ọ̀fun rẹ̀ wú, ó sì ń mi ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ẹni tí ń jẹ orógbó. Èyí ì bá má kan ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n àlejò pàtàkì kan ń bọ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ètò sì ni pé yóò fún àwọn ẹja lóúnjẹ níwájú gbogbo ìlú.

“Màmá, ẹ yọ ìyẹn kúrò,” ni alága wí. “Ẹja tó ń fajú ro kò yẹ níwájú àlejò. Ẹ gbé e fún àwọn tó ń dáná.”

“Ẹyin rẹ̀ ló kó sẹ́nu, títí wọn yóò fi di ọmọ. Bí ẹ bá fi àwọ̀n gbé e, yóò tu wọ́n dànù.”

“Ọmọ, lẹ́nu? Màmá, mo lọ sí yunifásítì.”

“Òun kò lọ.”

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, alága fúnra rẹ̀ mú àwọ̀n wá. Ó bá àgádágodo lẹ́nu ọmọrí àpótí. Ó béèrè kọ́kọ́rọ́. Obìnrin náà wò ó dáadáa, ó yọ kọ́kọ́rọ́ náà ní ìdí ìró rẹ̀, ó fi í sẹ́nu, ó sì pa ẹnu dé. Lẹ́yìn náà ó gbé àga síwájú àpótí, ó jókòó.

Alága bẹ̀ ẹ́. Ó halẹ̀ mọ́ ọn. Ó ní òun yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin náà gbọ́ gbogbo rẹ̀, nítorí kò fi nǹkan kan dí etí.

Àlejò dé. Ó da oúnjẹ gba ihò kékeré tó wà lórí ọmọrí. Gbogbo ẹja sáré wá, àfi abo epìyà, tó kọjú sí ògiri.

“Kí ló ń ṣe ẹja yìí?”

“Àìsàn ni, sà.”

“Màmá yìí ńkọ́? Mo kí i, kò dáhùn.”

“Òun náà, sà.”

Wọ́n gbé ìrẹsì àti itan adìẹ síwájú obìnrin náà. Kò fọwọ́ kàn án. Àwọn ènìyàn ní ìgbéraga ti wọ̀ ọ́. Ìgbà tí gbọ̀ngàn dá páropáro ló tó yọ kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu, ó jẹ ìrẹsì náà ní tútù, ó sì jẹ ẹ́ tán.

Ní ọjọ́ Ajé wọ́n fún un ní lẹ́tà pé kò níṣẹ́ mọ́. Ó kà á, ó sì fi bo korobá omi rẹ̀ kí eruku má bàa kó sí i. Ní ọjọ́ kejì, ó tún wá. Ní ọjọ́ kẹta, epìyà la ẹnu. Ọmọ bí ogójì jáde, wọn kò ju hóró ìrẹsì lọ. Ẹja ńlá kan sún mọ́ wọn. Ìyá tún la ẹnu, gbogbo wọn sáré wọlé padà. Obìnrin náà ṣí àgádágodo, ó kó àwọn ẹja yòókù sínú bàsíà. Alága wá wò, ó pe ayàwòrán, ó ní, “Àwọn ọmọ wa rèé.” Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ lẹ́tà.

Ìwọ tí mò ń bá sọ̀rọ̀, ọmọ mẹ́ta ni ẹ̀gbọ́n rẹ ọkùnrin fi sí ọ lọ́wọ́ kó tó kú. Àwọn ẹbí ní kí o wá sọ ní ìpàdé pé baba wọn kò nílẹ̀, kí wọ́n lè pín ilẹ̀ àwọn ọmọ náà. Wọ́n ti se oúnjẹ dè ọ́. Wọ́n ní o ń gbéra ga, wọ́n ní orí rẹ kò pé, wọ́n ní àwọn yóò yọ orúkọ rẹ kúrò nínú ẹbí. Jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́. Ìwọ mọ ohun tí o kó sẹ́nu. Jókòó síwájú àwọn ọmọ náà, kí ẹni tó bá fẹ́ dé ọ̀dọ̀ wọn kọ́kọ́ gbé ọ kúrò.