Ẹ Tú Gàárì Ẹ̀yìn Ẹṣin Balógun

Ọkùnrin kan wà ní ìlú kan létí odò, ní apá òkè níbi tí igbó ti tán tí ilẹ̀ ọ̀dàn ti bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa yẹ ẹṣin wò. Ayẹṣinwò ni gbogbo ìlú ń pè é, débi pé àwọn tí wọ́n bí lẹ́yìn rẹ̀ kò mọ orúkọ mìíràn fún un.

Ìlú náà àti ìlú tó wà ní òdìkejì odò jọ ní pápá koríko kan. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí koríko gbogbo bá ti gbẹ, pápá yìí nìkan ló máa ń tutù, kò sì lè tó ẹran ìlú méjèèjì jẹ. Àwọn baba wọn ti jà nítorí rẹ̀ rí, wọ́n sì sin òkú. Nígbà tó yá, wọ́n pa ìjà tì, wọ́n fi eré ẹṣin rọ́pò rẹ̀. Lọ́dọọdún, lẹ́yìn ìkórè, ìlú kọ̀ọ̀kan á mú ẹṣin kan ṣoṣo jáde. Ẹṣin méjèèjì á sáré yí pápá ká. Wọ́n á fo ọgbà ẹ̀gún, wọ́n á fo ìtì igi, wọ́n á sì fo yàrà omi tó gbẹ̀yìn, èyí tó fẹ̀ ju gbogbo wọn lọ. Ìlú tí ẹṣin rẹ̀ bá kọ́kọ́ dé ló ni koríko títí òjò yóò fi rọ̀.

Nítorí náà, ẹṣin tí wọn yóò mú jáde kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré. Ayẹṣinwò ló máa ń sọ ọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ eré, wọ́n á kó àwọn ẹṣin tó lórúkọ wá síwájú rẹ̀ ní pápá, yóò yẹ̀ wọ́n wò lójú gbogbo ènìyàn, yóò sì mú ọ̀kan. Bó bá ti mú un, àríyànjiyàn parí.

Lọ́dún tí mo ń sọ yìí, ẹṣin mẹ́ta ló lórúkọ.

Ti Ọ̀tún ni wọ́n kọ́kọ́ mú wá. Ó funfun bí òwú, kò sì sí ẹṣin tó lè bá a sáré lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Ayẹṣinwò ní kí wọ́n tú gàárì rẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ láti èjìká dé ìdí, ó gbé àwọn pátákò rẹ̀ wò, ó ní kí wọ́n fà á kọjá lórí òpó kan tí wọ́n gbé lé òkúta. Lẹ́yìn náà ó bu omi nínú igbá, ó dà á sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ẹṣin náà pa etí rẹ̀ dé, ó sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ayẹṣinwò ní, “Ẹsẹ̀ rẹ̀ yá. Àmọ́ omi ń bà á lẹ́rù, omi ló sì gbẹ̀yìn eré wa.”

Ọ̀tún pòṣé. “Omi kẹ̀? Ẹṣin tó ń mumi lójoojúmọ́!”

“Ọ̀tún, ẹ̀yin náà ń mumi lójoojúmọ́, a ò sì tíì rí yín kí ẹ lúwẹ̀ẹ́ rí.”

Àwọn ènìyàn bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀tún fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó sì ní kí wọ́n mú ẹṣin òun kúrò.

Èkejì jẹ́ ẹṣin pupa ti ọkùnrin kan tó ń ta awọ. Kò lẹ́wà. Orí rẹ̀ tóbi ju ara rẹ̀ lọ. Wọ́n tú gàárì rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́. Nígbà tí wọ́n fà á kọjá lórí òpó, ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́jẹ́ bí àgbàlagbà tó ń wọ ilé àna. Omi tí wọ́n dà sílẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó kọjá.

Ayẹṣinwò ní, “Èyí kò ní ṣubú. Kò sì ní yára.”

Ẹ̀kẹta ni ẹṣin dúdú Balógun. Òun ló borí lọ́dún tó ṣáájú, àwọn ènìyàn sì ti ń kọrin rẹ̀ kó tó wọ pápá. Wọ́n fi aṣọ àrán bò ó, idẹ ń tàn lára ìjánu rẹ̀, gàárì ẹ̀yìn rẹ̀ sì ni gàárì aláwọ pupa tí baba Balógun gùn lọ sójú ogun. Àkàndé, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí Balógun bí, ni yóò gùn ún. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti di ṣòkòtò rẹ̀ le, ó ń wo yàrà omi lọ́ọ̀ọ́kán.

Àṣà kan wà ní ìlú náà. Ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kan gàárì Balógun ní gbangba. Gàárì rẹ̀ dà bí fìlà rẹ̀: ẹni tó ni ín nìkan ló lè tú u. Lọ́dún tó ṣáájú, inú ọgbà Balógun ni Ayẹṣinwò ti lọ yẹ ẹṣin náà wò kí wọ́n tó dì í ní gàárì. Lọ́dún yìí, nígbà tó débẹ̀, ẹni tó ń tọ́jú ẹṣin sọ fún un pé ẹṣin ń sinmi, kí ó dúró di ọjọ́ eré. Ó sì dúró.

Ó yẹ kí o mọ ohun kan sí i. Balógun yìí ló tọ́ Ayẹṣinwò dàgbà nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Inú ilé rẹ̀ ló ti kọ́ iṣẹ́ ẹṣin. Oúnjẹ Balógun ló jẹ, orí ẹní Balógun ló sùn, Balógun ló sì fẹ́ ìyàwó fún un.

Wọ́n fa ẹṣin dúdú náà kọjá lórí òpó. Ó fò ó dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ balẹ̀, ó ju ìrù, ó sì fa ikùn mọ́ra. Kò pẹ́, ó tún dúró dáadáa. Àwọn èrò kò rí i. Ayẹṣinwò rí i.

Ó ní, “Ẹ tú gàárì rẹ̀.”

Ẹni tó ń tọ́jú ẹṣin ní, “Ṣé o fẹ́ ṣí fìlà Balógun lójú ọjà ni?”

“Ẹṣin tí mi ò rí ẹ̀yìn rẹ̀, mi ò mọ̀ ọ́n.”

“Kò mọ̀ ọ́n! Ẹṣin tó borí lọ́dún tó kọjá!”

Ariwo bẹ́ sílẹ̀. Ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn pé, “Ayẹṣinwò, ṣé o fẹ́ fẹ́ ẹ níyàwó ni?” Òmíràn ní, “Bó bá tú gàárì tán, yóò ní kí Balógun bọ́ ṣòkòtò!” Àwọn àgbà sọ fún un pé kí ó má dójú ti ẹni tó tọ́ ọ. Wọ́n ní oòrùn ti ń mú, àwọn ará òdìkejì odò ti ń dúró.

Ayẹṣinwò lọ síwájú Balógun, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku.

“Bàbá, kí ẹ pẹ́. Ọwọ́ yín nìkan ló lè tú u. Ẹ bá mi tú u.”

“Dìde níbẹ̀.”

“Mi ò ní dìde, Bàbá.”

“Èmi tí mo fi oúnjẹ sí ọ lẹ́nu ni o ń ṣe báyìí sí?”

“Nítorí pé ẹ fi oúnjẹ sí mi lẹ́nu ni, Bàbá. Àkàndé ló ń gun ẹṣin náà.”

Balógun dìde. Inú ń bí i. Ó ní, “Ó dára. Bí mi ò bá rí nǹkan kan níbẹ̀, ìwọ ni o ó gbé gàárì yìí lérí yí pápá ká, kí gbogbo ayé wò ọ́.”

“Mo gbà.”

Balógun tú okùn gàárì. Ó gbé gàárì kúrò, ó ká aṣọ àrán, ó sì bá òwú lábẹ́ rẹ̀, òwú tí wọ́n fi òrí tẹ̀ mọ́ra. Ó fa òwú náà. Awọ tẹ̀ lé e. Egbò kan wà níbẹ̀ tó gbòòrò bí àtẹ́lẹwọ́, ó ti di ọyún, ẹṣin náà sì gbọ̀n láti orí dé ẹsẹ̀ nígbà tí atẹ́gùn kàn án.

Balógun yíjú sí ẹni tó ń tọ́jú ẹṣin. Ọkùnrin náà ti wà lórí eékún.

Ó ní, “Mo rò pé yóò jinná kí ọjọ́ eré tó pé ni. Mo rò pé ta ni yóò tú gàárì Balógun?”

Kò sẹ́ni tó kọrin mọ́. Balógun wo ọmọ rẹ̀, ó wo yàrà omi. Ó gbé gàárì baba rẹ̀ lé èjìká ara rẹ̀, ó fọwọ́ mú ìjánu ẹṣin, ó sì rìn jáde ní pápá.

Ayẹṣinwò dìde nínú eruku, ó mú ẹṣin pupa. Ẹṣin pupa sáré. Ó fo ọgbà, ó fo ìtì igi, ó fo yàrà omi láìfi pátákò kan omi. Ẹṣin àwọn ará òdìkejì odò sì ṣáájú rẹ̀ dé.

Ìyẹn ni pé wọ́n pàdánù koríko. Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà le. Ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti ń gé koríko wá fún ẹran, àwọn màlúù mìíràn sì gbẹ títí egungun ìhà wọn fi hàn. Bí Ayẹṣinwò bá ń kọjá, wọn kì í kí i. Ọ̀kan nínú àwọn darandaran dúró sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní, “Ẹṣin dúdú náà ì bá borí, tòun tegbò.”

Ayẹṣinwò ní, “Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ó sì lè ṣubú sínú yàrà kí ọrùn ọmọ náà kán. Ẹ kò fi mí síbẹ̀ pé kí n mọ ọ̀la. Ẹ fi mí síbẹ̀ pé kí n wo ẹ̀yìn ẹṣin.”

Kò tọrọ gáfárà, kò sì bẹ ẹnikẹ́ni títí òjò fi rọ̀.

Ọdún yípo. Ọjọ́ eré pé. Kí ẹnikẹ́ni tó dé pápá, Balógun ti wà níbẹ̀. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ẹṣin dúdú wá, ẹ̀yìn rẹ̀ wà ní gbangba, gàárì wà ní èjìká Balógun. Ó dúró níwájú Ayẹṣinwò bí ẹni tó wá jẹ́jọ́.

Ó ní, “Yẹ̀ ẹ́ wò.”

Nígbà tí Ọ̀tún rí i, ó tú gàárì tirẹ̀. Oníṣòwò awọ náà tú tirẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó ń di ẹṣin ní gàárì wá síwájú ayẹṣinwò ní ìlú yẹn. N kò ní sọ fún ọ bóyá ẹṣin dúdú borí lọ́dún kejì yìí, nítorí kì í ṣe ohun tí mo fẹ́ kí o mú lọ sílé nìyẹn.

Ohun tí mo fẹ́ kí o mú lọ sílé nìyí. Wọ́n ti fi ọ́ sí ara àwọn tí yóò yan olórí ilé ẹ̀kọ́ wa. Ẹni mẹ́ta ló lórúkọ. O ti bi ẹni méjì léèrè gbogbo ohun tó yẹ kí o bi wọ́n, o kò ṣojú àánú. Ẹnì kẹta ni orúkọ rẹ̀ wà lẹ́nu gbogbo ìlú, òun náà ló sì dúró tì ọ́ nígbà tí o sin bàbá rẹ. O wá bá mi, o ní ojú ń tì ọ́ láti béèrè ìdí tó fi kúrò níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. O ní ọ̀wọ̀ ni.

Kì í ṣe ọ̀wọ̀. Wo ẹni tí àṣà gàárì Balógun dáàbò bò. Kò dáàbò bo Balógun, kò sì dáàbò bo ọmọ rẹ̀. Ẹni tó fi òwú bo egbò ló dáàbò bò. Bí o bá bọ̀wọ̀ fún ọkùnrin yìí lóòótọ́, dọ̀bálẹ̀ fún un. Kí aṣọ rẹ kan eruku. Kí o wà nílẹ̀ níbẹ̀, kí o sì bi í. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá mọ́, gbé gàárì lérí, kí wọ́n fi ọ́ ṣẹ̀sín, kò ní pa ọ́. Bí kò bá sì mọ́, wọ́n lè bú ọ fún odindi ẹ̀ẹ̀rùn kan. Ìyẹn náà kò ní pa ọ́.

Ìwọ kọ́ ni yóò gun ẹṣin náà. Àwọn ọmọ wa ni. Lọ, kí o ní kí wọ́n tú gàárì.